Omi Tó Ń Hó Nínú Tawakkaltu

Ní ìsọ̀ Ọ̀gá Ádámù, lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́bbà àtijọ́ ní Ìlọrin, wáyà gígùn kan wà lára ògiri tí ó fi máa ń yangàn. Ohun tó so rọ̀ sórí wáyà náà lé ní ọgọ́rùn-ún: àwọn nǹkan roboto kékeré tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ìdérí ife lọ. Tẹ́mósítáàtì ni wọ́n. Ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì lọ sínú rẹdiétọ̀ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ ń fi í sí, kí ó máa ti ọ̀nà náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí ó sì máa ṣí i nígbà tó bá gbóná. Ọ̀gá Ádámù kì í jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti wọ ìsọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe bíréèkì ló gbé e wá, kí ó tó jáde, Ádámù á ti yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀, á ti so ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí wáyà.

Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ alùfáà ni Ádámù, ilé kéwú kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba ni ó sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó jókòó ti wàláà, àmọ́ ariwo ọkọ̀ ló wọ̀ ọ́ létí ju ohùn kéwú lọ, ni ó bá di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Abdulsobur, ó sì lo ọdún mẹ́jọ gbáko níbẹ̀. Ohun tí ọ̀gá yìí wí ní ọdún àkọ́kọ́ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ọ̀gá náà fi kú: "Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe nǹkan yìí fún. Ilẹ̀ tiwa gbóná. Kí ni à ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ omi fún?" Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì jọ òótọ́. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé kéwú kì í bá olùkọ́ jiyàn; bí wọ́n bá ṣe kà á fún un ni yóò ṣe kà á. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ádámù ti fi ń ka èyí láìyí ohùn padà.

Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Tawakkaltu wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù onítáyà mẹ́wàá ni, orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ sì ni gbogbo ayé fi ń pè é. Alhaja Ràúdátù tó ń gbé ní Adéwọlé ló ni ín. Iṣu àti àgbàdo ló ń fi kó láti Bódè Sáádù wá sí Ìlọrin. Garba ni awakọ̀ rẹ̀, ọmọ Gàmbàrí ní Ìlọrin níbí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ọkọ̀ náà láìfi gbá adìẹ. Họ́òsì kan tó ń jò ló gbé e wá lọ́jọ́ náà. Ádámù pààrọ̀ họ́òsì, ó yọ tẹ́mósítáàtì bí àṣà, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Òun ló tóbi jù lórí wáyà, inú Ádámù sì dùn sí i.

Bí ọyẹ́ ṣe ká sẹ̀ ńlẹ̀ tí ooru mú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Garba gbé e dé pẹ̀lú èéfín lórí, Ádámù rẹ́rìn-ín. Ó ní rẹdiétọ̀ ló dí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n lọ fọ̀ ọ́, wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí omi fi ń gba inú rẹ̀ kọjá geerege. Garba lọ kó iṣu, ọkọ̀ hó. Lẹ́ẹ̀kejì, Ádámù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pààrọ̀ bẹ́líìtì fáànù, ó pààrọ̀ ìdérí rẹdiétọ̀, ó tú pọ́ǹpù omi, ó bá a pé kò sí ohun tó ṣe é, ó sì pààrọ̀ òun náà, torí inú ti ń bí i. Ọkọ̀ tún hó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi dojú kọ ọ́ nínú ooru, tí òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó wo gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí omi dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, bóyá ó ti jó. Kò jó. Ó fa ọ́ìlì wò bóyá omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Kò dà pọ̀. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i náà, ó de gbogbo nọ́ọ̀tì padà pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó ń wá nǹkan burúkú, tó sì ń dùn ún pé kò rí i, ẹ bá mi wo irú ayé tí onítọ̀hún ń jẹ.

Ibi tó ti ń de nọ́ọ̀tì náà ni Garba ti sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Bó bá ti ń hó, tí mo bá bọ́ sílẹ̀ fọwọ́ kan rẹdiétọ̀, òkè rẹ̀ gbóná o. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó tutù, wallahi."

Ádámù kò gbójú sókè. "Garba, ṣé mo wá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yí sítíárì rí?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Ó dáa. Má kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe."

Garba padà síbi tó jókòó sí. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọkọ̀ lọ sí Bódè Sáádù. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fi ọkọ̀ mìíràn fa Tawakkaltu wọ ìsọ̀, Alhaja Ràúdátù fúnra rẹ̀ sì ti dé ibẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó dúró níwájú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ó fi orúkọ ọmọ Ádámù pè é, ó ní, "Bàbá Barakah, kí ló ń ṣe ọkọ̀ mi?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn: n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, àwọn awakọ̀ tó ń dúró de ọkọ̀ wọn ń wò ó, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì wúwo lórí ahọ́n. Ádámù nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀.

"Alhaja, ẹ bi awakọ̀ yín," ni ó wí. "Ọkọ̀ tí wọn ò bá rọ omi sí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Garba wà níbẹ̀. Ó yíjú sí Ádámù, ó ní, "Ọ̀gá." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaja gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ádámù yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni ó mú ọ̀ràn bá. Ní gáréèjì, awakọ̀ tó bá ba ọkọ̀ jẹ́ nínú ìjàǹbá lè rí ẹni ṣàánú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jóná torí pé ó ya ọ̀lẹ láti rọ omi, kò sí ẹni tí yóò tún fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé gáréèjì Sáńgo kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ádámù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Garba kì í rọ omi lóòótọ́.

Iṣu Alhaja wà nílẹ̀ ní Bódè Sáádù, awakọ̀ tuntun tó ń retí kò sì ní lè dé títí di Àtìní, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ó pe Ádámù lórí fóònù. "Ìwọ tí o ní ọkọ̀ ò ní àìsàn, wà á lọ fún mi."

Ádámù wà á lọ ní ọjọ́ Àtàláátà. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ omi sínú rẹdiétọ̀ láàárọ̀, ó rọ ọ́ dé ẹnu, ó dé e, ó tún ṣí i wò, ó tún dé e. Ó kó kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin sẹ́yìn ìjókòó. Àlọ kò le, nítorí ọkọ̀ ṣófo. Ó kó iṣu, ó yí orí ọkọ̀ padà sí Ìlọrin. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí abẹ́rẹ́ géèjì ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó wò ó. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀, bóyá bí òun kò bá wò ó, yóò tijú padà. Nígbà tó tún wò ó, ó ti kan pupa. Kí ó tó rí ibi yà sí, èéfín funfun ti bo dígí iwájú.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ta táyà ní ìpá. Táyà kò mọ̀ pé ẹnì kan ta òun. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ádámù ló mọ̀. Inú ń bí i sí ọkọ̀, ó ń bí i sí òkè tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn, ó ń bí i sí oòrùn, ó ń bí i sí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó ń wá Garba lọ́kàn rẹ̀ kí ó lè bínú sí i, ṣùgbọ́n Garba kò sí níbẹ̀. Ta ni kò rọ omi? Òun ló rọ ọ́. Ta ni kò wo géèjì? Ojú rẹ̀ kò kúrò lára géèjì. Ó ka ohun tó ti pààrọ̀ lórí ìka: họ́òsì, bẹ́líìtì, ìdérí, pọ́ǹpù, gásíkẹ́ẹ̀tì. Kò ku ohun tí yóò pààrọ̀ mọ́ àfi òun fúnra rẹ̀. Omi lé ròrò sójú ọkùnrin ọlọ́dún méjìléláàádọ́ta lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì dúpẹ́ pé èéfín ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀ tí òun lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ibi tó ti ń yí orí ọkọ̀ ká bí ẹni tó sọ owó nù ni ó ti gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀ láìronú. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé e pé òun kò sáré gbé e kúrò. Ẹ́ńjìnnì ń hó kùtùkùtù lókè, irin ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀ sì tutù bí ìdí àmù.

Ó tutù, wallahi. Ohùn Garba ni.

Ádámù jókòó lórí òkúta. Bí ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀ bá tutù, a jẹ́ pé omi gbígbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Rẹdiétọ̀ mọ́, òun ló mú kí wọ́n fọ̀ ọ́. Pọ́ǹpù ń ti omi, tuntun ni. Ibo wá ni omi náà ń gbà? Ó dìde, ó na ọwọ́ sí páìpù kúkúrú kan lábẹ́ ibi tí tẹ́mósítáàtì máa ń wà, èyí tó ń dá omi padà sínú ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kí ó dé rẹdiétọ̀. Ó gbóná bí iná, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bó.

Ọ̀nà méjì ni omi ní nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọ̀kan gùn, inú rẹdiétọ̀ ló ń gbà lọ tutù. Èkejì kúrú, ó kàn ń yí po padà sínú iná. Nǹkan kékeré tí Ádámù yọ kò wà fún òtútù nìkan. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, òkè rẹ̀ a ṣí ọ̀nà gígùn, ìdí rẹ̀ a sì dí ọ̀nà kúkúrú pa. Láti ìgbà tí kò ti sí níbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi sì dà bí ènìyàn, ọ̀nà àbùjá ló fẹ́ràn. Nígbà ọyẹ́, tí ẹrù kò pọ̀, ọkọ̀ mú un mọ́ra. Nínú ooru, pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn, agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní irú ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ Ọ̀gá Abdulsobur fi tàn án jẹ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Ádámù sì ti bẹ́ orí tí kò tilẹ̀ fọ́.

Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó dúró kí ọkọ̀ tutù kí ó tó wọ Ìlọrin. Nígbà tí Alhaja pè é, Ádámù ní táyà ló jò.

Ní àárọ̀ Àlàrùbá, ó dúró níwájú ògiri rẹ̀. Ó já èyí tó tóbi jù lórí wáyà, ó mú un tọ ọkùnrin tó ń ta ṣáì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ lọ, ó tọrọ omi tó ń hó sínú agolo. Ó fi okùn rì í sínú omi náà. Díẹ̀díẹ̀, ẹnu bàbà náà ṣí. Ó fà á jáde sínú afẹ́fẹ́, ẹnu náà pa dé. Ó tún rì í, ó tún ṣí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, oníṣáì sì bi í pé kí ló ń sè.

"Àìgbọ́n mi ni," ni Ádámù wí.

Nígbà tó padà wọ ìsọ̀, kò lè wo wáyà náà tán. Ó ń rántí àwọn awakọ̀. Ọ̀kan wà, ọmọ Òfà, tó fi Kùránì búra fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun rọ omi, tí Ádámù sì kàn ṣe hùn-ún. Ó gbé ojú kúrò, ó mú sípánà, ó dá tẹ́mósítáàtì náà padà síbi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi í sí. Iṣẹ́ náà kò gbà á ju wákàtí kan lọ.

Ní Àlàmísì, ó kó iṣu láti Bódè Sáádù kún ọkọ̀ dé ẹnu, ó sì wọ Ìlọrin láìdúró. Abẹ́rẹ́ géèjì kò kúrò láàárín. Ibi tí wọ́n ti ń já iṣu ni Alhaja ti wá bá a, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ rẹ mà ṣẹ, Bàbá Barakah. Láti ìgbà tí Garba ti kúrò, ọkọ̀ ò hó mọ́. Ọlọ́hun ló tú àṣírí ẹ̀."

Ádámù gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Alhaja..." Wọ́n pe Alhaja níbi tí wọ́n ti ń ka iṣu, ó sì lọ. Òun náà bá ti ara rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i bí ó ti rọrùn tó. Kò ní purọ́ mìíràn. Kò ní ṣe ju kí ó dákẹ́ lọ, kí awakọ̀ tuntun dé ní Àtìní, kí ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, nídìí màsà, ó sọ ọ́ fún Sàrátù ìyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sàrátù jẹ màsà tirẹ̀ tán kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹlòmíràn mọ̀ ni?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Garba mọ̀," ni Sàrátù wí, ó sì kó abọ́ kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ádámù wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Adéwọlé. Alhaja wà nínú pálọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ádámù kò jókòó sórí àga.

"Alhaja, Garba ò jẹ̀bi. Nǹkan kan wà tí kò yẹ kí n yọ, mo yọ ọ́ nígbà ọyẹ́, òun ló ń mú ọkọ̀ hó. Garba rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó sọ ọ́ fún mi, mo ní kó dákẹ́."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alhaja. "Nígbà tí o ní kì í rọ omi, ohun tí o rò nìyẹn?"

Ìbéèrè yìí ni Ádámù ti ń sá fún láti ọjọ́ Àtàláátà.

"N ò mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀," ni ó wí. "Àmọ́ mo mọ̀ pé ó máa ń rọ omi. Mo máa ń rí i."

Ó retí kí Alhaja bú u. Ó wù ú pé kí ó bú u. Alhaja kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Wo èyí tí mo gé." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú kọ́kọ́rọ́ Tawakkaltu jáde. "Mú un lọ fún un. Ojúkojú ni kí o ti bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe lórí fóònù o. Bí ó bá kọ̀ ọ́, gbé e padà wá, kí o sì sọ fún mi ohun tó wí fún ẹ."

Ní Gàmbàrí, Garba wà lórí ẹní níwájú ilé wọn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin àdúgbò tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó rí Ádámù, kò dìde. Ádámù lóṣòó níwájú rẹ̀, àgbà tó fi ọdún méjìlá ju ẹni tó ń lóṣòó fún lọ. Gbangba ni ó ti ba orúkọ ọkùnrin náà jẹ́, gbangba náà ni ó ti sọ ọ́: ohun tí òun yọ, ohun tí Garba sọ, ohun tí òun wí fún Alhaja, àti pé òun mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí òun ń wí i.

Garba ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ó wí níkẹyìn, "ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń gbóná."

"Ó ń gbóná dáadáa?"

"Kò ṣeé fọwọ́ kàn."

Garba mi orí. "Mo sọ ọ́," ni ó wí.

"O sọ ọ́."

Garba na ọwọ́. Ádámù gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti bó.